Kámẹ́rà Wà Lára Ògiri, Olè Wọlé, Kámẹ́rà Ò Rántí Nǹkan Kan!

Obìnrin kan wà n'Ìbàdàn tó ń ta léèsì àti àǹkárá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá ihò ńlá lára ògiri ẹ̀yìn. Léèsì ti lọ, àǹkárá ti lọ, àní àga tó fi ń jókòó pàápàá, wọn ò fi í sílẹ̀. Igbe ta, ọjà dàrú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ nu ojú yín nù, ṣebí ẹ ní kámẹ́rà? Ọwọ́ á tẹ̀ wọ́n lónìí."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó bá a so kámẹ́rà náà. Ó dé, ó ṣí ẹ̀rọ, ó wá òru mọ́jú ọjọ́ yẹn, kò bá nǹkan kan. Ó wá ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òfo. Ó wá oṣù tó kọjá, òfo. Àwòrán tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀rọ náà ti lé lóṣù mẹ́rin! Hard disk inú rẹ̀ ti kú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó tan ìyá jẹ ni pé ojoojúmọ́ ló ń rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó sì rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí kámẹ́rà máa wò, ọ̀tọ̀ ni kó máa gba ohun tó ń wò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Owó gidi lẹ fi ń ra nǹkan yìí. Ẹ má jẹ́ kó di ère lára ògiri.

OJÚ, ỌPỌLỌ ÀTI OÚNJẸ

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀. Kámẹ́rà ni ojú. Rẹ́kọ́dà ni ọpọlọ, inú rẹ̀ sì ni hard disk tó ń tọ́jú àwòrán wà. Iná ni oúnjẹ. Ojú lè là kedere kí ọpọlọ ti kú. Bí oúnjẹ ò bá sì sí, àtojú àtọpọlọ, kò séyìí tó máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé nǹkan àwọn olówó nìkan ni o. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Queens ní New York, l'Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú rẹ̀ tó wà fún ilé. Ọkọ rẹ̀, Albert, mọ iṣẹ́ iná. Àwọn méjèèjì kì í sábà wà nílé lásìkò kan náà, àwọn ọlọ́pàá àdúgbò wọn kì í sì í tètè dé. Lọ́dún 1966 ni wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì gbà á lọ́dún 1969. Kámẹ́rà ń yọjú látinú ihò ara ilẹ̀kùn, ìyàwó wà ní yàrá, ó ń wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì kí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń wá ọgbọ́n.

ÈWO NI KÍ Ẹ RÀ?

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, kámẹ́rà kan tó ń lo mẹ́mọ́rì káàdì lè tó o. Kò ní wàhálà wáyà púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí olè bá já kámẹ́rà náà lọ, ó gbé ẹ̀rí lọ nìyẹn.

Ẹni tó ní ilé, ilé ìtajà ńlá tàbí ọgbà mẹkáníìkì, rẹ́kọ́dà ló yẹ ẹ́. Oríṣi méjì ló wà. DVR ń lo wáyà bíi ti èèrìà tẹlifíṣọ̀n, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. NVR ń lo wáyà kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá sì ra irú tó lè ṣe é, wáyà kan ṣoṣo á gbé iná àti àwòrán pọ̀. Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ń bá gbogbo rẹ́kọ́dà ṣiṣẹ́ o. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ béèrè nọ́ńbà ojú rẹ̀ pẹ̀lú. 2.8 mm ń rí ibi tó fẹ̀, ó dára nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jìnnà á kéré bí èèrà. 6 mm kì í rí fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ó dára fún géètì. Ẹ má sì so ó sókè jù. Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ fi àwòrán fìlà olè ṣe? Ojú ni wọ́n fẹ́ rí.

Hard disk ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ṣírò ọjà. Kámẹ́rà tó ń lo megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á jẹ nǹkan bíi gigabyte 21 ààbọ̀ lójúmọ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi 86. Terabyte 1 á kún láàárín ọjọ́ 11 sí 12. Bó bá ti kún, á máa fi tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Terabyte 2 á gbé e dé nǹkan bí ọjọ́ 23. Ẹ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà, tó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Èyí tí wọ́n tú nínú kọ̀ǹpútà àlòkù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

BÓ BÁ Ń ṢE SÉGESÈGE

Bí kámẹ́rà kan bá ṣókùnkùn, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn rẹ́kọ́dà, ẹ kì í bọ ihò tí kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ wà. Bó bá hàn níbẹ̀, ihò àkọ́kọ́ ló bàjẹ́. Bí kò bá hàn, ẹ wo orí wáyà bóyá ó ti dípẹtà, ẹ wo ádápítọ̀ iná rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè fẹ̀sùn kan kámẹ́rà.

Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń kú bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná tó ń bọ́ wọn ni ò tó. Lálẹ́, àwọn gílóòbù kéékèèké ojú kámẹ́rà máa ń tàn, wọ́n sì ń jẹ iná ju tọ̀sán lọ. Ádápítọ̀ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Bí àwòrán òru bá funfun bí ẹni pé kùrukùru bolẹ̀, ẹ gbé àkàbà, ẹ nu ojú rẹ̀. Eruku àti òwú aláǹtakùn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Ohun kan náà ló ń ṣe kámẹ́rà tí wọ́n bá gbé sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé.

Bí aago rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí NEPA bá múná lọ, bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú rẹ́kọ́dà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ̀rí tí aago rẹ̀ ń purọ́, lọ́yà olè á fi ṣeré ni. Múná-lọ-múná-bọ̀ yìí náà sì máa ń ba hard disk jẹ́. Ẹ wá UPS kékeré tàbí inverter sídìí rẹ̀. Inú òkùnkùn ṣáà ni olè ń rìn.

Ẹ ṢỌ́ OHUN TÓ Ń ṢỌ́ YÍN

Ẹ má gbé rẹ́kọ́dà sórí káńtà. Ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ yí nọ́ńbà àṣírí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn gba inú kámẹ́rà àti rẹ́kọ́dà tí àwọn tó ni wọ́n kò yí nọ́ńbà wọn padà, wọ́n fi kọlu íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojúlé ńlá bíi Twitter kò fi ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè wo inú yàrá yín. Ẹ̀yin náà, ẹ má dojú kámẹ́rà kọ fèrèsé aládùúgbò.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe da àwòrán náà sórí flash kíákíá, kí tuntun tó pa á rẹ́. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 fàyè gba ẹ̀rí tó ti inú ẹ̀rọ jáde nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò náà.

Paríparí rẹ̀, ẹ má san owó tó kù fún ẹni tó ń so ó títí tó fi kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán àná. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó ka owó ọjà, ẹ wá àná, nǹkan bí agogo méje alẹ́. Bí ẹ bá rí ara yín tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn, ó ń rántí. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ pe oníṣẹ́ yín lójú ẹsẹ̀.

Ìyá aláṣọ wa ti ra hard disk mìíràn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wo àná báyìí. Ṣùgbọ́n léèsì rẹ̀ ò tíì padà.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.