Ẹ̀rí Lucy: Ìgbàgbọ́ láàárín Ọmọ Ìyá nínú Ìtàn Narnia

Bí a bá dárúkọ The Lion, the Witch and the Wardrobe, ìwé ọmọdé tí C. S. Lewis kọ, tí ó jáde ní 1950, kìnnìún tí ń sọ̀rọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ni ó gbé ìtàn náà ró: bí ọmọ ìyá ẹni bá jẹ́rìí ohun tí a kò rí, ṣé a ó gbà á gbọ́?

Nítorí bọ́ǹbù ogun ni a ṣe kó Peter, Susan, Edmund àti Lucy kúrò ní London lọ sí ilé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìgbèríko. Lucy, àbíkẹ́yìn wọn, ni ó kọ́kọ́ gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ dé Narnia. Ó ròyìn, wọn kò gbà. Edmund náà dé ibẹ̀, ó jẹ àdídùn Àjẹ́ Funfun. Síbẹ̀, nígbà tí ó padà, ó ní eré lásán ni àwọn ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi àwọn ẹ̀gbọ́n pé, nínú àwọn méjèèjì, ta ni wọ́n mọ̀ sí olóòótọ́. Wọ́n ní Lucy ni. Síbẹ̀ wọn kò gbà á gbọ́ títí ẹsẹ̀ tiwọn fi tẹ yìnyín ibẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Irọ́ kékeré yẹn ni ó ṣí ọ̀nà fún ọ̀dàlẹ̀, Aslan sì ní láti kú dípò Edmund.