OWÓ ARÚGBÓ ÀTI ÌLÚ T'Ó RỌ ÀGBÀ L'Ọ́RÙN

Ọ̀rọ̀ t'ó kan gbogbo wa ni a gbé wá l'ọ́tẹ̀ yìí, ó kan yèyé t'ó ti lé l'ọ́gọ́rin ọdún t'ó ṣì ń pàtẹ ata, ó sì kan ẹni t'ó rò pé ọmọdé l'òun. Ìjọba kan á dé, á ní òun fẹ́ tọ́jú àgbà. Òmíràn á dé, á tún ṣe tirẹ̀. Báwo ni àwa ará ọjà ṣe lè mọ èyí t'ó ṣe àgbà l'áǹfààní, àti èyí tí wọ́n kàn fi ya fọ́tò?

Ẹ jẹ́ kí á mú owó arúgbó. Ní ọdún 2011, n'ígbà tí Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí ń ṣe gómìnà l'ẹ́ẹ̀kíní, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà aláìní tí wọ́n ti pé ọdún 65 ní N5,000 l'óṣooṣù. Àwọn t'ó ń gbà á tó 20,000. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo owó yẹn o. N18,000 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ t'ó kéré jù l'ọ́dún náà, a jẹ́ pé owó arúgbó ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Àwa tí à ń ta ẹ̀lùbọ́, epo àti ẹja mọ bí ọjà ti ń rí bí owó yẹn bá jáde. Yèyé t'ó ń ra epo ìgò kékeré á ra ìgò ńlá. Ẹni t'ó jẹ gbèsè á wá san án, a kò ní dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òmíràn á fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ l'ówó ìwé, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun náà rí fún ènìyàn. Owó ọwọ́ ara ẹni n'íyì. Ẹni t'ó ń na ọwọ́ sí ọmọ kí ó tó ra iyọ̀ mọ ohun tí à ń wí.

L'ẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní oṣù kẹwàá 2014, owó náà dáwọ́ dúró. A kò bá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan jà o, ọmọ ẹgbẹ́ wa wà nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè nìyẹn l'órí ètò yòówù: tí ẹni t'ó dá a sílẹ̀ bá lọ, ṣé yóò wà? Arúgbó kì í fi ọdún mẹ́rin-mẹ́rin jẹun. Ká tún bèèrè bóyá owó náà ń bá ọjà rìn. Láti 2024, owó oṣù t'ó kéré jù ti di N70,000. Bí wọ́n bá tún gbé N5,000 wá l'ónìí, ẹ̀yin fúnra yín mọ iye kóńgò ẹ̀lùbọ́ tí yóò rà.

Kì í ṣe owó nìkan l'ọ̀rọ̀ àgbà. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde l'órí ìlú t'ó rọ àgbà l'ọ́rùn. Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n lọ bá àwọn àgbà ní ìlú 33 káàkiri ayé, wọ́n bi wọ́n l'éèrè ohun t'ó ń ni wọ́n l'ára. Títì, ọkọ̀ wíwọ̀, ilé gbígbé, ọ̀wọ̀, iṣẹ́ àti ìtọ́jú ara wà nínú ohun tí wọ́n kà.

Ẹ wá fi ìyẹn wo Adó. Wọ́n fẹ títì wa, ó di olójú méjì, wọ́n sì kọ́ afárá òkè. Mọ́tò ń sáré, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ní Ìjigbó kí ẹ wo yèyé t'ó fẹ́ sọdá! Kí ó tó dé àárín, ọ̀kadà mẹ́ta ti gba iwájú rẹ̀. Gọ́tà tí ẹni ogójì ọdún ń fò, ẹni ọdún 75 á dúró tì í, á máa wá ẹni tí yóò fa òun l'ọ́wọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè gun ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ márúwá l'ó rọ̀ ọ́ l'ọ́rùn, owó rẹ̀ ni kò rọrùn. Ilé ìtọ̀ ńkọ́? Àwa obìnrin mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa kan kì í mu omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ torí pé wọn kò rí ibi tọ̀ sí. Ẹni t'ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí í mú ni tọ̀, á fi oògùn s'ílé l'ọ́jọ́ ọjà. Àwa kò rí ètò tí ó ka ilé ìtọ̀ sí ìtọ́jú àgbà, bẹ́ẹ̀ kò ná owó bí afárá.

Àwa ọlọ́jà kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì bíi ti tíṣà. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò kan fún àwa tí a kì í gba owó oṣù, níbi tí ènìyàn ti lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó, bí ẹni ń dá àjọ. Ẹgbẹ́ ń wá ẹni t'ó mọ̀ ọ́n dájú tí yóò wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Kí ìpàdé t'ó ń bọ̀ tó dé, kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bi àwọn ìyá t'ó ti pé ọdún 65 l'éèrè: ètò ìjọba wo l'ó dé ọwọ́ yín rí? Ìgbà wo l'ó dúró? Kí l'ó ń dí yín l'ọ́wọ́ l'ọ́nà ọjà? Àwa ará Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ àti Ìjerò t'ó ń ná ọjà Adó, ẹ bèèrè l'ọ́dọ̀ tiyín náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó fi ẹnu sọ ọ́, akọ̀wé yóò kọ ọ́ s'ílẹ̀. Ìwé yẹn ni a ó gbé lọ sí kánsù.