Kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, ẹ kọ́kọ́ lóṣòó wò ó

Màámi ṣubú lọ́dún tó kọjá, egungun ẹsẹ̀ wọn sì dá. Wọ́n ní wọ́n máa dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí kì í jókòó tẹ́lẹ̀! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá da owó jọ láti ra tẹlifíṣọ̀n kékeré sí yàrá wọn, torí mo sì ń ka físíìsì ní ipele másítà, èmi ni wọ́n ní kí n lọ rà á.

Mo ra ínǹṣì 32 kan. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwòrán rẹ̀ ń dán gan-an ni. Oníṣẹ́ iná bá wa gbé e kọ́ sókè ògiri, a tan án. Màámi wò ó títí láti orí ìrọ̀rí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí ojú gbogbo wọn dúdú báyìí?" Mo gbé orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Òótọ́ ni! Ojú àwọn òṣèré ti ṣókùnkùn, irun wọn ń funfun. Mo dìde dúró, àwòrán padà sí bó ṣe yẹ.

Gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ la máa ń pè ní "plasma", ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti jáwọ́ nínú plasma láti nǹkan bí ọdún 2014. Èyí tí wọ́n kọ LED sí lára páálí rẹ̀, LCD ni: iná LED kéékèèké ló wà lẹ́yìn, liquid crystal ló wà níwájú wọn. Ohun tó ń ṣàn bí omi ni liquid crystal, ṣùgbọ́n àwọn móólékù rẹ̀ ń tò bí ẹni tó wà lórí ìlà. (Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ará Austria, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́dún 1888, nínú ohun tó rí lára kárọ́ọ̀tì. Kárọ́ọ̀tì o!) Bí iná mànàmáná bá kàn wọ́n, wọ́n á yí padà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá á sì pọ̀ sí i tàbí kó dín kù.

Nínú irú tí owó rẹ̀ rọjú jù, tí wọ́n ń pè ní TN, ńṣe ni àwọn móólékù yìí máa ń nàró bí iná bá kàn wọ́n. Bí ẹ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú rẹ̀ gbà láàárín wọn. Ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ á wá ṣókùnkùn. Ti IPS kì í nàró, lórí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń yí, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ti VA, dúdú rẹ̀ máa ń dúdú dáadáa tí ẹ bá paná yàrá, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣá bí ẹ bá ṣe ń kúrò lọ́ọ̀ọ́kán.

Wọn kì í sábà kọ èyí sára páálí. Torí náà, ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ lóṣòó síwájú rẹ̀, kí ẹ gbójú sókè wò ó. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ fowó kún un kẹ́ ẹ gba Full HD. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ínǹṣì 32. Ìbú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71 lọ. HD lásán sábà máa ń to píksẹ́ẹ̀lì 1366 sórí ìbú yẹn, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 0.52. Ojú tó dá ṣáṣá lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àlàfo wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì. Ní mítà méjì, mìlímítà 0.58 nìyẹn. Láti orí bẹ́ẹ̀dì tó jìn tó bẹ́ẹ̀, owó tẹ́ ẹ fi kún un, ojú yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn tó mítà kan, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ gba Full HD.

Ti iná ńkọ́? Ẹ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì 12V, 100Ah, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ nìkan, lè gbé tẹlifíṣọ̀n wáàtì 40 fún bíi wákàtí méjìlá, lẹ́yìn tí ínfátà bá ti jẹ tiẹ̀.

Ẹni tó tà á fún wa kò gbà á padà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, kò sì purọ́. Mo bá mú téèpù. Àárín tẹlifíṣọ̀n wà ní sẹ̀ǹtímítà 170 sílẹ̀, ojú màámi wà ní 70, mítà méjì ló sì wà láàárín wọn: dígírì 27 ni wọ́n fi ń wò ó láti ìsàlẹ̀. A sọ̀ ọ́ wá sí 110, igun náà di bíi dígírì 11, a sì ti pákó kékeré kan bọ ẹ̀yìn rẹ̀ lókè kó lè dojú kọ bẹ́ẹ̀dì. Màámi ní àwọn èèyàn náà ti padà di èèyàn.

Ohùn rẹ̀ ni wọ́n wá ń ráhùn sí báyìí. Ẹ̀yìn ni sípíkà rẹ̀ kọjú sí, ògiri ló sì ń gbọ́ ọ jù wọ́n lọ.