Ẹ Má Sọ Kókó Yẹn Nù: Ohun Tí Máíkírósíkóòpù Rí Tí Ojú Ò Rí

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí kókó rírọ̀ kan bá yọ sí èèyàn lẹ́yìn, tí kò dùn ún, tó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ni nǹkan náà? Ní Bárígà níbí, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ọ̀rá lásán ni jàre." Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "lọ́pọ̀ ìgbà" kì í ṣe "nígbà gbogbo", ìyẹn ló sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín awọ àti egungun wa, ọ̀rá wà níbẹ̀, iṣan tí a fi ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni dókítà ń pè ní soft tissue, ìyẹn ẹran ara rírọ̀. Kókó lè yọ lára èyíkéyìí nínú wọn, oríṣi rẹ̀ sì lé ní 100. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò léwu, ibi tó bá yọ sí náà ló ń jókòó sí. Àwọn díẹ̀ ni jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní sarcoma. Ìyẹn máa ń wọnú ẹran tó yí i ká, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ṣómólú ná, níbi tí ìwé títẹ̀ ti gbilẹ̀. Tí atẹ̀wé bá mú bébà kan jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, àwòrán orí rẹ̀ lè dára lójú tèmi àti tiyín. Ṣùgbọ́n á gbé awò kékeré kan lé e, á wolẹ̀ sínú rẹ̀. Tótòtó àwọ̀ ló ń wò, bóyá pupa jókòó dáadáa sórí búlúù àbí ó yẹ̀. Iṣẹ́ tí dókítà tí wọ́n ń pè ní pathologist ń ṣe nìyẹn, àfi pé sẹ́ẹ̀lì ni tótòtó tirẹ̀.

Tí wọ́n bá ti gé kókó náà, inú fọ́málíìnì ni wọ́n máa ń fi í sí kó má bàa jẹrà. Ní láàbù, wọ́n á gé e kékeré, wọ́n á fi sípíríìtì fa omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá yọ́ ìda sí i kó lè le. Ẹ̀rọ kan á wá fá a pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bíi 3 sí 5 péré nínú rẹ̀ ni ó nípọn. Irun orí kan nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, àní ó tún lè jù bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tín-ín-rín tó báyẹn ò ní àwọ̀ kankan, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pa á láró. Ara igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí aró àkọ́kọ́, tó ń jẹ́ hematoxylin, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàdìrẹ wa ṣe ń rí tiwọn lára ewé ẹ̀lú. Aláàdìrẹ máa ń lo omi eérú kí aró rẹ̀ lè mú. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò fún hematoxylin. Aró kejì ni eosin. Nucleus sẹ́ẹ̀lì á di búlúù, ìyókù á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó kù kí dókítà wò ó.

Tó bá jẹ́ ọ̀rá lásán, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lipoma, àwọn sẹ́ẹ̀lì á dà bí piọ wọ́tà tí wọ́n tò sínú àpò. Wọ́n tóbi, wọ́n jọra, inú wọn ṣófo nítorí pé ọ̀rá wọn ti yọ́ lọ ní láàbù, nucleus wọn sì fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Tó bá jẹ́ liposarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ ọ̀rá, ètò yẹn á dàrú. Sẹ́ẹ̀lì kan tóbi, òmíràn kéré, àwọn nucleus kan á sì tóbi, wọ́n á dúdú, wọ́n á rí wọ́gọwọ̀gọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, méjèèjì lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró dídì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mitosis tí a kọ́ nínú Biology náà wúlò níbí. Tí wọ́n bá rí sarcoma, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bó ṣe le tó ni pé dókítà á ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ní ojú ibi mẹ́wàá tó kún jù. Tí kò bá ju 9 lọ, máàkì kan. 10 sí 19, máàkì méjì. 20 sókè, máàkì mẹ́ta. Á tún wo bóyá apá kan kókó náà ti kú, àti bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe jọ ẹran ara gidi tó. Tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á mọ̀ bóyá ìpele 1, 2 tàbí 3 ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkà nìkan o. Kókó kan wà tó ń jẹ́ nodular fasciitis. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń yọ, mitosis inú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ìdí nìyẹn tí pathologist fi máa ń béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni aláìsàn, ibo ni kókó náà wà, ìgbà wo ló yọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú u lójú, àwọn aró mìíràn wà. Èyí tó ń wá desmin, fún àpẹẹrẹ, lè fi hàn pé iṣan ni sẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Wọ́n gé kókó kan ní itan àbúrò ìyá mi ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n ní ọ̀rá ni, wọ́n dì í sínú nylon, wọ́n sọ ọ́ nù. Kò pé ọdún méjì tó tún yọ lójú ibẹ̀ gan-an, tó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹ mú èsì ti ìṣáájú wá." Kò sí èsì kankan. Wọ́n gé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ sí láàbù, sarcoma ló jáde. Àǹtí ṣì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́lọ́wọ́. Bóyá ohun kan náà ni ti àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́, torí ó ti bá ìdọ̀tí lọ.

Àyẹ̀wò yìí ò sì jìnnà sí wa. LUTH ní Ìdí-Àràbà ń ṣe é. Ní UCH Ìbàdàn, láti 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington ti dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀. Kókó tí a bá sọ nù láìyẹ̀ ẹ́ wò ò lè wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Á dà bí ẹni pé kò yọ rí.

Nítorí náà, tí kókó ara ẹnikẹ́ni nílé yín bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ (díẹ̀ ló fi ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì orí tábìlì), tàbí ó ń dàgbà, tàbí ó wà nísàlẹ̀ jinlẹ̀, tàbí wọ́n ti gé e rí tó tún yọ, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Kí wọ́n tó gé e, ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí láàbù? Èló ni? Ìgbà wo ni èsì máa jáde?" Tí èsì bá jáde, ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí WAEC sí.