Gbéborùn: Àlejò Tó Gba Ojú Omi Lọ́wọ́ Onílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ewéko kan la fẹ́ bá yín sọ. Ewéko náà lẹ́wà. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó sì ní àmì ìyeyè kan láàárín bí ojú. Ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Bí ẹ bá rí i ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó fẹ́ mú un lọ sílé. Ohun tí àwọn èèyàn ṣe gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní gbéborùn. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní yàrá láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti dé ọjà. Bí ewéko yìí ṣe ń tàn ká nìyẹn. Àwọn Ígálà kò fi tiwọn ṣe àwàdà rárá. Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí ikú ìyá àti ọmọ.

Ẹ má ṣe ṣì í mú fún ojú oró o. Ojú oró ti wà lórí omi wa tipẹ́, àwọn bàbá wa a sì máa fi í gbàdúrà nítorí pé kì í rì. Ewé ojú oró rọ̀, ó ní irun wúruwùru, kò sì ní òdòdó tí ojú ń rí lókèèrè. Ewé gbéborùn ní tirẹ̀ ń dán. Igi ewé náà wú bí ìkòkò kékeré nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí bí ìyẹ́ adìyẹ, inú omi ló sì rọ̀ sí.

Níbo ló ti wá? Agbègbè odò ńlá Amazon ní Bràsíìlì ni ilé rẹ̀. Àwọn tí òdòdó rẹ̀ wù ló gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n ń gbìn ín sínú adágún inú ọgbà wọn. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú odò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n rí i lórí omi ní Badagry. Ọ̀nà omi tó wá láti ìhà Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo, ló gbà wọlé. Kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣọ́bodè kankan. Láti Badagry ó dé ọ̀sà Èkó, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ewéko yìí máa ń na ọwọ́ bí ìtàkùn lójú omi, ọmọ a sì yọ lórí ọwọ́ náà. Bí omi bá dára fún un, ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un láti di ìlọ́po méjì, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 1 sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ 2. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 8. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èló ni ẹ rí? Ó yẹ kó jẹ́ 1,024. Ogún ọ̀sẹ̀ péré nìyẹn, ọdún kò tíì dé ìdajì. Bí àyè bá gbà á tí ọdún fi yípo, ẹyọ kan yìí ìbá lé ní mílíọ̀nù 67. Àyè kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdí tí àwọn tó ń fi ọwọ́ tu ú fi máa ń rẹ̀ láìparí iṣẹ́. Ó tún ń so èso. Èso náà a rì sínú ẹrẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù.

Kí ló wá ń ṣe fún àwọn tó bá nínú omi? Ẹja ń mí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ló ń mí. Nígbà tí gbéborùn bá bo ojú omi bí ẹní, oòrùn kò ní í wọlé mọ́. Àwọn koríko tó wà nísàlẹ̀, tí ẹja kékeré ń sá pamọ́ sí, a kú. Afẹ́fẹ́ láti òkè kò rí ọ̀nà wọ inú omi dáadáa. Ewé tó ti kú a máa jẹrà, ìjẹrà yìí a sì máa lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù. Ẹja tó lè sá lọ a sá lọ, èyí tí kò lè sá a kú. Ojú oró àti òṣíbàtà tí í ṣe onílé kò ríbi dúró mọ́. Àwọn tó wá ń gbádùn ni ẹ̀fọn, àti àwọn ìṣáwùrú kéékèèké tí ń gbé àìsàn tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọ ọ̀sà Èkó, omi a dun iyọ̀, gbéborùn a sì kú. Àwọn kan a ní, "Ó ti tán!" Kò tán o. Nígbà tí òjò bá dé, omi dídùn láti òkè odò a tún kó òmíràn wá.

A ní kíláàsì àwọn àgbà kan ní abúlé àwọn apẹja lápá Ẹ̀pẹ́. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló máa ń wá. Lọ́jọ́ kan mẹ́rin péré ló dé. Inú ti fẹ́ bí wa, nítorí ìṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í tètè tán lára èèyàn. Ìyá kan bá dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú sí wọn. Ẹ wá wò ó." Ó mú wa lọ sétí omi. Omi dà? Pápá ni a rí, ó tutù yọ̀yọ̀, ó lọ títí. Ọkọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tí kò lè lọ tí kò lè bọ̀. Àjẹ̀ kò rí omi wà. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣiṣẹ́, gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kó ẹja bọ̀ ló wà nínú ọkọ̀ náà láti àárọ̀, àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí wọ́n fi máa gúnlẹ̀, ẹja ti ń rùn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ gbèsè àjọ tó yẹ kó san lọ́jọ́ kejì. Ìwé ìṣirò tí a fún un ṣì mọ́, kò tíì kọ nǹkan sí i. Òfò ọjọ́ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Benin, wọ́n ka irú òfò bẹ́ẹ̀ jọ. Àwọn olùwádìí lọ sí abúlé 24, wọ́n bi àwọn ọkùnrin tó ń pẹja àti àwọn obìnrin tó ń tajà léèrè. Wọ́n rí i pé nígbà tí gbéborùn pọ̀ jù ní gúúsù ilẹ̀ náà, ohun tó ń wọlé fún nǹkan bí èèyàn 200,000 fi nǹkan bí mílíọ̀nù 84 dọ́là dín kù lọ́dún kan.

Ẹ ó béèrè pé, èéṣe tí kò fi pa odò Amazon run? Ọ̀tá rẹ̀ wà nílé. Kòkòrò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì kan, ẹnu rẹ̀ gùn, ó jọ èyí tí ń jẹ àgbàdo nínú àká. Àgbà rẹ̀ ń jẹ ewé. Ọmọ rẹ̀ ń lu igi ewé náà wọnú, omi a wá wọlé síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ewéko a sì rì. Nígbà tí gbéborùn kúrò nílé, kò mú ọ̀tá rẹ̀ dání.

Ní ọdún 1991, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí à ń pè ní IITA, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí tú kòkòrò yìí sórí omi ní Benin. Ṣé kò ní í jẹ ẹ̀fọ́ wa? Ìbéèrè tó dára ni. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tí àlejò kan ti jẹ níyà kó tó pe àlejò kejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń fi irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ sí orí oríṣiríṣi ewéko mìíràn láti mọ èyí tó lè jẹ. Gbéborùn nìkan ni èyí ń rí gbé, orí rẹ̀ ló ti ń tọ́mọ.

Kò yá o. Ní ibì kan tí à ń pè ní Tévèdji, gbéborùn ti bo gbogbo ojú omi nígbà tí wọ́n tú kòkòrò náà síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kù tó bò. Nínú ìwádìí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ fi nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là pọ̀ sí i lọ́dún. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ kòkòrò náà sì ná wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n gbéborùn ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Ìdọ̀tí tí à ń dà sómi àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wọ odò ń bọ́ ọ bí ẹní ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn kan ń sá a gbẹ, wọ́n ń fi hun apẹ̀rẹ̀ àti báàgì. Achenyo Idachaba dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ará etí omi ní ìhunṣọnà náà. A fara mọ́ ọn, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí apẹ̀rẹ̀ gbé gbéborùn lọ sínú adágún tí kò tíì dé.

Bí ẹ bá rí i lórí omi yín, ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí àpá pípọ́n kéékèèké káàkiri, bí ẹni fi èékánná họ ọ́, kòkòrò náà ti wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fín oògùn apakòkòrò sí i.