Townes Van Zandt: Akọrin Tí Ìgbà Èwe Rẹ̀ Parẹ́ Mọ́ Ọn Lórí

Bí ẹ bá dàgbà nínú ilé tí rédíò ti ń ké, ó ṣòro kí ẹ má mọ ohùn Don Williams. Nínú ilé púpọ̀ nílẹ̀ wa, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti ti Jim Reeves ni bàbá máa ń fi sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ilé ìjọsìn dé, tí a ń retí kí ìrẹsì jinná. Orin kan wà tí òun àti obìnrin akọrin kan, Emmylou Harris, jọ kọ ní 1981, "If I Needed You". Orin náà gòkè dé ipò kẹta láàrin àwọn orin country ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Don Williams ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kì í gbé ojú kan pẹ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀, itàn ọkùnrin náà ni a sì fẹ́ sọ fún yín.

Townes Van Zandt ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1944 ni wọ́n bí i ní Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas. Kì í ṣe ọmọ tálákà rárá. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, orúkọ ìdílé wọn sì ni wọ́n fi ń pe àgbègbè kan ní Texas títí di òní. Ní 1956, ó rí Elvis Presley nínú tẹlifísàn, ọkàn rẹ̀ sì fà sí jìtá. Bàbá rẹ̀ ra ọ̀kan fún un ní Kérésìmesì.

Nígbà tí ó wọ yunifásítì ní Colorado, ọtí wọ̀ ọ́ lára, ìbànújẹ́ ọkàn sì dé bá a. Àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀rù, wọ́n lọ mú un wálé, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Galveston.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo wa la mọ insulin mọ́ àwọn alátọ̀gbẹ. Ní ayé ìgbà náà, àwọn dókítà kan gbà pé ó lè wo àrùn ọpọlọ. Wọn á gún aláìsàn ní èyí tí ó pọ̀ débi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá, á dákú lọ, wọn á wá fún un ní ṣúgà kí ó lè jí. Wọ́n ń ṣe èyí fún ọmọ náà léraléra fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó máa fi jáde, púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ti parẹ́. Ìṣègùn ti pa ọ̀nà yẹn tì tipẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kò sí ohun tí òun kábàámọ̀ láyé òun tó o. A kò bú obìnrin náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀wé ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di alárìnkiri, nítorí ó ti ń mutí kí wọ́n tó gún un.

Bàbá rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yéé kọ orin olórin, kí ó máa ṣe tirẹ̀. Bàbá náà kú ní 1966. Láàrin 1968 sí 1972, ọmọ ṣe àwo orin mẹ́fà. Èyí tí ó ṣe ní 1972, ó pè é ní "The Late Great Townes Van Zandt", bí ẹni pé ó ti di olóògbé, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Inú rẹ̀ ni orin tí Don Williams mú wà. Townes sọ pé ojú oorun ni orin náà ti wá bá òun nílé ọ̀rẹ́ òun kan, òun jí, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀, òun tún padà sùn.

Kò ní ibùjókòó kan. Òní ní Texas, ọ̀la ní Colorado, ọ̀túnla lórí àga nílé ọ̀rẹ́. Láàrin àwọn ọdún 1970, ó gbé inú ahéré onípákó kan nítòsí Nashville, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, kò ní omi ẹ̀rọ, kò ní tẹlifóònù, kò sí ohun tí ń mú ilé móoru. Otútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe irú ọyẹ́ tiwa!

Nínú fíìmù kan tí wọ́n ń yà ní 1975 sí 1976, "Heartworn Highways", wọ́n bá a ní Clarksville, àdúgbò kan ní ìlú Austin tí ọkùnrin kan tí ó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó ní 1871. Bàbá àgbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú kan jókòó tì í, Seymour Washington lorúkọ rẹ̀. Townes kọ "Waitin' Around to Die", tí ó pè ní orin gidi àkọ́kọ́ tí òun ṣe, orin ẹni tí ọtí àti ìrìn kiri ti gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kí ó tó kọ ọ́ tán, omijé ti ń ṣàn lójú àgbẹ̀dẹ náà. Ọmọ ọlọ́lá ló ń kọrin, àgbẹ̀dẹ ló ń sunkún.

Ní 1983, Willie Nelson àti Merle Haggard mú orin rẹ̀ mìíràn, "Pancho and Lefty", dé ipò kìíní. Owó wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni ó gbéyàwó, ìgbà mẹ́ta náà ni ó sì tú ká. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ojú ọ̀nà ni bàbá wọn sì máa ń wà. Léraléra ni wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọmùtí sílẹ̀, tí yóò tún padà sídìí ìgò.

Ní ìparí ọdún 1996, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọjọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó gbà kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọtí tó bẹ́ẹ̀, bí ọtí bá dá lójijì, gbígbọ̀n á mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Èyí ni wọ́n fi mú un padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1997, ọjọ́ tí àwa ń ti ìsìn àìsùn bọ̀, tí a ń kí ara wa kú ọdún, ni ó kú sílé ní Tennessee, ní ẹni ọdún 52. Irú ọjọ́ yẹn gan-an ni Hank Williams, akọrin tí ó fẹ́ràn púpọ̀, kú ní 1953.

Wọ́n gbé apá kan eérú ara rẹ̀ padà sí Texas, sí itẹ́ òkú kékeré kan ní Dido, nítòsí Fort Worth, níbi tí wọ́n sin àwọn ẹbí rẹ̀ sí.