Inú Rírun Òjijì Lára Àgbàlagbà: Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹdíjẹdí



Bí inú bá dédé ń run bàbá ẹni ọdún 70 kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a mọ ohun tí àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ sọ. Ẹnì kan á ní jẹdíjẹdí ni. Ẹnì kejì á ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹnì kẹta á ní gàrí tí wọ́n mu lọ́sàn-án ló kan jù. Wọ́n á wá àgbo sínú ife, wọ́n á rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú náà á rọ̀ lóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà, tí kò wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dí tàbí tó ya nínú ikùn, tàbí kó jẹ́ ìfun ló lọ́ mọ́ra. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, wákàtí la fi ń ka ẹ̀mí, kì í ṣe ọjọ́. Ẹni tó bá dúró de ilẹ̀ mímọ́ lè pẹ́ jù.

Ohun tó mú ti àgbàlagbà yàtọ̀ ni pé ara wọn kì í pariwo bíi ti ọ̀dọ́. Bí ìfun ọ̀dọ́mọkùnrin bá lu, ikùn rẹ̀ á le bíi pákó, ara rẹ̀ á gbóná, á máa ké. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹni ọdún 78, kí ikùn wọn ṣì rọ̀, kí ara wọn má gbóná rárá, kí wọ́n kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ jẹun. Iṣan ikùn wọn ti dẹ̀, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ti dín kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe yẹ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, oògùn ara ríro sì lè bo ìrora mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi ti ìwà àwọn àgbà wa kún un: wọn ò fẹ́ da àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó láàmú. "Ó ti ń rọlẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ lórí fóònù. Èmi ò gba gbólóhùn yẹn gbọ́ mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá wà níbẹ̀ tó ń wo ojú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fara sin jù. Ìfun nílò ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀yà ara yòókù ṣe nílò rẹ̀, iṣan ńlá kan ló sì ń gbé e lọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun náà. Bí ọkàn àgbàlagbà bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí kóró ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá já, ibi tó bá gbà ló máa dí. Bó bá gba orí lọ, rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó há sí iṣan ìfun, ìfun ò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Tó bá fi máa tó nǹkan bíi wákàtí 6 sí 12, apá tó ti kú nínú rẹ̀ kò ṣeé jí mọ́, àfi kí wọ́n gé e.

Àmì tí àwọn dókítà fi ń fura sí i yani lẹ́nu: ìrora náà ga ju ohun tí ọwọ́ bá lórí ikùn lọ. Bàbá ń yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ inú wọn wò, ó rọ̀ mẹ́lọ́mẹ́lọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ń ṣe àṣejù. Wọ́n lè bì, ìgbẹ́ lè gbọ̀n wọ́n lójijì, tó bá sì yá, ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìgbẹ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni jẹdíjẹdí ti máa ń wọ ọ̀rọ̀, torí gbogbo wa la ti gbà pé ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, jẹdíjẹdí ni. Lára àwọn tí èyí bá ṣe, àwọn tó ń kú pọ̀ ju àwọn tó ń yè lọ, ohun tó sì ń fà á jù ni pé wọn kì í tètè mọ̀ ọ́n. X-ray lásán kì í sábà fi hàn. CT scan ló ń fi hàn, èyí tí wọ́n á ti fa oògùn kan sí iṣan aláìsàn kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè yọ nínú àwòrán. Wọ́n á fún un ní omi àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n á ṣí ọ̀nà náà, yálà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gba inú iṣan wọlé, wọ́n á sì gé ibi tó ti kú.

Nígbà míì kì í dé lójijì. Iṣan náà á máa dí díẹ̀díẹ̀ bíi páìpù omi tó ti dípẹtà. Ẹni náà á jẹun tán, tó bá tó bíi ìṣẹ́jú 30, inú á bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí oúnjẹ á fi di ohun ẹ̀rù, á wá máa rù. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é.

Ìfun tó lọ́ mọ́ra ní tirẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti pọ̀ jù lágbàáyé. Ìfun ńlá tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì máa ń gùn lára àwọn kan, á wá yí ara rẹ̀ ká bí okùn. Ikùn á wú, á máa dún bí ìlù tí ẹ bá fi ìka lù ú, ìgbẹ́ ò ní jáde, afẹ́fẹ́ pàápàá ò ní jáde. X-ray lásán tó fún èyí, torí ìfun tó wú náà máa ń rí bíi kóró kọfí ràgàjì. Bí ìfun ò bá tíì kú, dókítà lè ti rọ́bà gba ìdí wọlé kí afẹ́fẹ́ lè tú jáde, ara á sì tu aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹbí á ní ó ti parí, ká máa lọ sílé. Ẹ má tíì lọ. Ó máa ń padà lọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé apá tó gùn jù náà kúrò.

Ìpá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bàbá ló ti gbé ìpá fún ọdún 20, tó ń jáde tó ń wọlé, tí kò dí iṣẹ́ oko lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá jáde tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dùn wọ́n, tí èébì sì tẹ̀lé e, ìfun ló há síbẹ̀ yẹn. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì fi agbára tì í. Àwọn ìyá àgbà náà máa ń ní irú rẹ̀ níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó lè kéré, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kàn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára, tí àwọn dókítà ń pè ní aorta. Ó gba iwájú eegun ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn, ó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2 níbẹ̀. Lára àwọn àgbàlagbà kan, pàápàá ọkùnrin tó ti mu sìgá fún ọdún púpọ̀, ògiri rẹ̀ máa ń dẹ̀, á wá yọ gọngọ bíi ara táyà tó fẹ́ bẹ́. Bó bá ti fẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 3, àìsàn ti wọ̀ ọ́. Bó bá tó 5.5 lára ọkùnrin, wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kì í sábà dunni títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ bẹ́. Lọ́jọ́ náà, inú àti ẹ̀yìn á dun ẹni náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òòyì á kọ́ ọ, á làágùn, ó lè dákú. Kò wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú tó bó ṣe wọ́pọ̀ lára òyìnbó, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó rọrùn láti gbàgbé rẹ̀.

Òun ló pa Albert Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́dún 1948, inú ń run ún, dókítà Rudolph Nissen ṣí ikùn rẹ̀, ó sì bá aorta tó ti wú níbẹ̀. Kò tíì sí ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ó fi ọ̀rá cellophane wé e. Einstein tún lò ju ọdún 6 lọ. Ní April 1955 ó bẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tún ṣe iṣẹ́ abẹ, ó kọ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù náà lẹ́ni ọdún 76. Láàárín méjèèjì, lọ́dún 1951, Charles Dubost ti fi iṣan mìíràn rọ́pò èyí tó bàjẹ́ fún aláìsàn kan ní Paris. Lónìí, wọ́n tún lè ti rọ́bà pàtàkì kan gba iṣan itan dé inú aorta láìla ikùn. Ní Britain, gbogbo ọkùnrin tó bá máa pé ọdún 65 ni ìjọba ń kọ̀wé pè wá fún scan ọ̀fẹ́ láti wò ó, irú scan tí wọ́n fi ń wo aboyún. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù tó gba lẹ́tà yẹn tó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pè é.

Aorta tún lè ya láìwú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ló sábà ń fà á. Ìrora náà dà bí ẹni fa aṣọ ya, ó lè bẹ̀rẹ̀ láyà kó gba ẹ̀yìn dé ikùn. Apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan lè kú tipiri, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n wọ̀n lápá ọ̀tún lè yàtọ̀ sí ti òsì. Ó lè jọ àrùn ọkàn, bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn tí wọ́n ń fún ẹni tí àrùn ọkàn kọlù lè ba tirẹ̀ jẹ́. Michael DeBakey ní Houston wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ abẹ wo irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 December 2005, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe, lẹ́ni ọdún 97! Òun náà kọ́kọ́ rò pé ọkàn ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní February 2006. Ó pẹ́ gan-an kí ara rẹ̀ tó yá, àmọ́ ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbé di July 2008.

Mo mọ̀ pé Houston kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde. Gbólóhùn kan ló jẹ́ kí n mú un wá: "Wọ́n ti dàgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn wọ́n." Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wò, bí kíndìnrín, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí ni wọ́n ń wò. Òótọ́ ni pé nígbà míì, ìtọ́jú tó dáa jù ni kí wọ́n pa ìrora, kí wọ́n jẹ́ kí àgbà sinmi. Einstein kọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń kọ̀. Àwọn àgbà wa kan kì í mọ ohun tó ṣe wọ́n tó fi pa wọ́n.

Oògùn ara ríro náà ò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac tí àwọn àgbà ń lò lójoojúmọ́ nítorí orúnkún lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ọgbẹ́ náà sì lu. Aspirin wà nínú Alabukun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò kà á kún oògùn.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe ṣe é lóru ọjọ́ náà. Bí inú bá ń run àgbàlagbà lójijì, tó le, tí kò sì lọ láàárín wákàtí kan, tàbí tí èébì, òòyì, inú wíwú tàbí ẹ̀yìn dídùn bá bá a rìn, ẹ má fún wọn ní àgbo, ẹ má fún wọn ní oògùn ìgbẹ́, ẹ má fi ohunkóhun fún wọn nídìí. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, torí iṣẹ́ abẹ lè yá. Láti Ìmùṣin, Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ gbà, sí State Hospital. Bó bá ju ibẹ̀ lọ, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù tàbí UCH n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ kó béèrè bóyá oníṣẹ́ abẹ àti CT scan wà níbi tí wọ́n ń darí yín lọ, kí mọ́tò tó gbéra. Kí ẹni méjì tó lè fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé yín.

Wákàtí tó ń ṣòfò jù ni èyí tí àwọn ará ilé fi ń wá ọmọ tó máa sọ pé "ẹ gbé wọn lọ." Ẹ jókòó sọ ọ́ báyìí tí ara yá: ta ló lè pinnu láìpe Èkó, ibo ni owó mọ́tò wà, ibo ni káàdì ilé ìwòsàn wà.

Tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ aago tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀, ẹ sọ bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ọkàn tó ń lù ségesège, bí wọ́n bá ń mu sìgá tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní jẹdíjẹdí ni, kí ẹ máa lọ, ẹ fi sùúrù béèrè pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ikùn wọn?"